Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ìwé Wá-Wí-Tẹnu-Ẹ Tí A Fún Yísà Ọláníyan Nítorí Ẹja Tí Kò Kú

Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ẹja,
Yunifásítì Etí-Òkun,
Ajah,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ, oṣù Keje, ọdún 2019.

Rẹ́jísítírà àti Alága Ìgbìmọ̀ Ètò Pàjáwìrì,
Yunifásítì Etí-Òkun,
Ilé Ìṣàkóso,
Ajah,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBÉÈRÈ PÉ KÍ A FAGI LÉ Ẹ̀SÙN TÍ A FI KAN Ọ̀GBẸ́NI YÍSÀ ỌLÁNÍYAN, KÍ A SÌ TÚN OJÚ EWÉ KẸRIN ÈTÒ PÀJÁWÌRÌ Ẹ̀KA WA KỌ

1. Èmi ni olùkọ́ tí ń bójú tó ilé ẹja ní Ẹ̀ka yìí. Ọ̀gbẹ́ni Yísà Ọláníyan ni òṣìṣẹ́ tí ń ṣọ́ àwọn táńkì ibẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù yìí, ẹ fún un ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ pé ó ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ nígbà tí omi wọ ilé ẹja, àti pé ó dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn pẹ̀lú àfojúdi. Ìgbìmọ̀ Ìbáwí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ìwé gbélé-ẹ ni yóò gbà, bóyá kí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé.

2. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹja, nítorí n kò rí ẹja kankan nínú ìwé ẹ̀sùn náà. Epìyà 312 ni ó wà nínú àwọn táńkì wa. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan, Afusat Ọmọ́táyọ̀, tí ń ṣiṣẹ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé, ti fi ọdún mẹ́rin sin wọ́n láti ìran dé ìran, kí a lè ní irú ẹja tí yóò máa dàgbà bí iyọ̀ òkun tilẹ̀ wọ inú omi ọ̀sà. Nínú táńkì, ẹja pọ̀, omi kò tó. Ẹ̀rọ kan ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi náà tọ̀sán-tòru. Bí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́, kí ogójì ìṣẹ́jú tó pé, ẹja á ti gòkè wá sí ojú omi, á máa yanu. Bí ó bá tó wákàtí kan àbọ̀, ẹni tó bá dé ibẹ̀, òkú ni yóò kó.

3. Ohun tí ojú ewé kẹrin Ètò Pàjáwìrì wa sọ nìyí: ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ewu kò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun, àfi kí ó pe ẹni tó ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni yẹn yóò pe ẹni tó ṣáájú òun náà, títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé ọ̀dọ̀ Olórí Ẹ̀ka. Olórí Ẹ̀ka yóò pàṣẹ, àṣẹ náà yóò sì gba ọ̀nà kan náà padà, láìfo ẹnikẹ́ni.

4. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ ní àkọ́kọ́. Nínú ohun tí mo gbé wá sí ìpàdé Ẹ̀ka, orúkọ Yísà ni ó wà lókè pátápátá, nítorí òun ni ó sún mọ́ ẹja jù. Ọ̀gbẹ́ni Àbídèmí, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí, ni ó dìde. Ó ní, "Ṣé Yísà ni yóò wá máa rán èmi níṣẹ́ ni? Ẹ wo irun orí mi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì to orúkọ náà bí ipò àti ọdún iṣẹ́ ṣe rí. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: èmi náà nawọ́ sókè. Ìtò tuntun náà gbé orúkọ mi láti ipò karùn-ún sí ipò kejì, inú mi sì dùn.

5. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán, omi òjò wọ ilé ẹja, iná sì lọ. Ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú ọgbà ni a gbé jẹnẹrétọ̀ wa sí, kí ariwo rẹ̀ má baà máa dí Olórí Ẹ̀ka lọ́wọ́. Omi ti bò ó mọ́lẹ̀ kí Yísà tó dé ìdí rẹ̀.

6. Yísà tẹ̀ lé ètò. Ó pe Ọ̀gbẹ́ni Àbídèmí, tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ lójú títì márosẹ̀, kò tíì kọjá ẹ̀sítéètì VGC. Ọ̀gbẹ́ni Àbídèmí fúnra rẹ̀ ló sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ fún mi: "Yísà, kú òjò o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá wọn ńkọ́? Ṣé omi ti dé ọ́fíìsì mi? Bàtà aláwọ kan wà lábẹ́ tábìlì, jọ̀ọ́, bá mi gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù." Yísà gbé bàtà náà sókè. Ó di aago kan kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún.

7. Ọ̀gbẹ́ni Àbídèmí pe akọ̀wé Ẹ̀ka, Arábìnrin Fúnláyọ̀. Ó wà ní báńkì kan ní Oniru, níbi tí wọn kì í ti í jẹ́ kí èèyàn gbé ìpè. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ó tó rí i pé wọ́n ti pe òun lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó pe èmi. Èmi wà ní Lẹ́kkí Phase 1, níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìmúrasílẹ̀ fún ìjàm̀bá tí Ìgbìmọ̀ yín rán mi lọ. Wọ́n ti ní kí a pa fóònù lẹ́nu mọ́. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo tó gbọ́.

8. Mo pe Olórí Ẹ̀ka, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúdélé, tó wà lẹ́nu ìsinmi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ní, "Rẹ̀míláyọ̀, ẹni tó bá wà lẹ́nu ìsinmi kì í pàṣẹ. Ìwọ ni mo fi dípò ara mi. Àbí o ò tíì rí lẹ́tà rẹ ni?" N kò tíì rí i. Ó wà lórí tábìlì akọ̀wé láti ọjọ́ Ẹtì, ó ń dúró de òǹtẹ̀. Nítorí náà, láti ìgbà tí omi ti wọlé, èmi ni mo ní agbára láti pàṣẹ, kò sì sí ẹni tó mọ̀, títí kan èmi fúnra mi.

9. Mo pàṣẹ lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà Yísà wà lórí fóònù mi. N kò pè é. Mo rò ó pé bí mo bá fo Ọ̀gbẹ́ni Àbídèmí, yóò ní mo rí òun fín. Mo pe Arábìnrin Fúnláyọ̀, ó pe Ọ̀gbẹ́ni Àbídèmí, Ọ̀gbẹ́ni Àbídèmí sì pe Yísà ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó sọ fún un pé, "Yísà, omi ti wọ ilé ẹja o! Àṣẹ ti dé. Tètè wá iná fún ẹ̀rọ afẹ́fẹ́."

10. Èsì tí Yísà fọ̀ ni ẹ pè ní àfojúdi nínú ìwé ẹ̀sùn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ta ló sọ fún yín?" Mo ti bi í léèrè fúnra mi. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti wà nínú omi tó mù ún dé orúnkún fún wákàtí méjì. Ó rò pé ẹlòmíràn tún ti rí omi náà ni, ó sì fẹ́ mọ ẹni náà kí ó lè wá ran òun lọ́wọ́.

11. Ní ti ẹ̀sùn pé kò gba àṣẹ: nígbà tí Yísà ti gbé bàtà sókè tán, ó padà sí ilé ẹja, ó bá àwọn ẹja tí wọ́n ti ń gòkè bọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sórí tábìlì, ó gun ògiri ọgbà kọjá, ó sì bẹ Ààfáà mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn wa pé kí wọ́n fún òun ní iná láti ara jẹnẹrétọ̀ wọn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni. Kò lè gbé ẹ̀rọ wa àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn pọ̀. Ààfáà ní, "Ẹlẹ́mìí ni ẹja náà, Yísà. Fa wáyà rẹ. Ọ̀fun wa náà ni a ó fi pe ìrun." Ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, afẹ́fẹ́ ti ń wọ inú omi. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ó kù kí ogójì ìṣẹ́jú pé. Nínú ẹja 312, ọ̀kan ṣoṣo ni ó kú. Òun náà, ṣe ni ó fò jáde nínú táńkì kí iná tó lọ rárá, Ẹ̀ka kò sì fi ẹ̀sùn kàn án.

12. Bí Yísà bá dúró de àṣẹ mi, ẹja yóò ti kú tán kí n tó mọ̀ pé èmi ni mo ń pàṣẹ. Afusat yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní.

13. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín:
(i) kí ẹ fagi lé ìwé ẹ̀sùn náà kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú fáìlì rẹ̀;
(ii) kí ojú ewé kẹrin máa sọ pé kí ẹni tó bá rí ewu kọ́kọ́ ṣe ohun tó yẹ, kí ó tó wá ẹni tí yóò pè;
(iii) kí ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ wa sórí pèpéle, kí ariwo máa dí ẹni tó bá ń dí lọ́wọ́;
(iv) kí ẹ kọ ìwé ìdúpẹ́ sí mọ́ṣáláṣí náà, nítorí títí di òní, ìwé kan ṣoṣo tí ọ́fíìsì yín kọ sí wọn ni èyí tó ń béèrè ẹni tó fún wọn láṣẹ láti fún wa ní iná.

14. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Àwọn tí ń wo ojú ọjọ́ ti kéde òjò ńlá fún Ọjọ́bọ̀. Bí ẹ kò bá tíì fagi lé ẹ̀sùn náà, iwájú Ìgbìmọ̀ Ìbáwí ni Yísà yóò wà, kò sì sí ẹlòmíràn ní ilé ẹja. Nítorí náà n kò ní lè wá jẹ́rìí; kí lẹ́tà yìí jẹ́rìí dípò mi. Èmi fúnra mi ni n ó wà nídìí àwọn táńkì láti aago mẹ́jọ àárọ̀, nínú bàtà òjò. Bí omi bá wọlé, n kò ní pe ẹnikẹ́ni kí n tó fa wáyà sí mọ́ṣáláṣí. Mo ti bá Ààfáà sọ ọ́. Mo ń sọ fún yín lónìí, kí ọ́fíìsì yín lè rí àyè kọ ìwé ẹ̀sùn tèmi sílẹ̀ ní àsìkò.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìparí.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Dókítà Rẹ̀míláyọ̀ Akínọ̀ṣọ́
Olùkọ́ Àgbà àti Alábòójútó Ilé Ẹja