Títí Ìdáhùn Yóò Fi Dúró

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta 2025. Atakpamé

Wọ́n gbé Bàbá lọ sí Lomé lánàá. Kíndìnrín ni, wọ́n ní. Ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi Jacques ló bá a lọ. Èmi àti Tàsí Ìbíọlá, àbúrò Bàbá, ló kù nílé. Mo ti di ẹrù mi kí Bàbá tó dá mi dúró lẹ́nu ọkọ̀. "Inès, dúró ti iṣẹ́ ẹ. Tí o bá parí ẹ̀, kí o wá sọ fún mi." Ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Mo dúró.

Iṣẹ́ náà nìyí: Gaël, ọ̀gá mi, ní kí n ya asẹ́ kan fún rédíò tó so Atakpamé mọ́ Nangbéto. Kì í ṣe asẹ́ gàrí o. Pátákó kékeré pẹlẹbẹ, ìlà kọ́pà tín-ín-rín lórí ẹ̀, tí yóò jẹ́ kí ìgbì tiwa kọjá, tí yóò sì dá ti àwọn ẹlòmíì padà. Orí kọ̀ǹpútà la ó ti kọ́kọ́ dán an wò, pẹ̀lú ètò kan tó ń ṣírò bí ìgbì ṣe ń rìn lára kọ́pà. Mi ò lò ó rí. Òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo ti sọ ètò náà lórúkọ: Alágídí. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, Faransé ni mo gbọ́. Láti àárọ̀ — mo ya ìlà, mo sọ bí pátákó ṣe nípọn tó fún un, mo ní kó máa ṣírò. Ìlà gbọọrọ kan ló fún mi, kò gòkè, kò sọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Gaël wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín: mi ò tíì fi ibi tí ìgbì máa gbà wọlé hàn án, mi ò fi ibi tó máa gbà jáde hàn án. Ilé tí kò lẹ́nu ọ̀nà ni mo kọ́.

Ọjọ́rú, 5. Ọjọ́ Eérú

Eérú ṣì wà níwájú orí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Fádà ní ká rántí pé erùpẹ̀ ni wá. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lọ́dún yìí.

Bàbá bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní asẹ́ ńkọ́. Mo ní ó ń lọ. Ó ní ó dáa. Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Inú mi dùn pé mo gbóhùn ẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ó jáde! Alágídí ya òkè kan fún mi, ibi tí a fẹ́ kí ìgbì ti kọjá gan-an ló dúró sí. Mo sáré gbé e lọ fún Gaël. Láti òní lọ, orúkọ ẹ̀ nínú ìwé yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Lẹ́ẹ̀kan-sí-i. Kò tiẹ̀ kí mi kú iṣẹ́. "Ojú àwọ̀n ẹ fẹ̀ jù. Dín in kù, kí o tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i."

Alágídí máa ń da àwọ̀n bo pátákó náà, á wá máa ṣírò lójú kọ̀ọ̀kan. Bí ojú àwọ̀n bá fẹ̀, á tètè dáhùn, ṣùgbọ́n irọ́ á wà níbẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ mi nírú èyí. Apẹja ni bàbá mi, lórí adágún Nangbéto. Àwọ̀n olójú fífẹ̀ á ní kò sí ẹja kéékèèké nínú omi.

Sátidé, 8

Mo dín in kù. Òkè náà ṣí kúrò láyè ẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan! Lẹ́ẹ̀kan-sí-i ní kò bàjẹ́, kí n máa dín in kù títí ìdáhùn yóò fi dúró lójú kan. Kó tó dúró, kí n má gbà á gbọ́.

Mo pe Ìyá. Bàbá mu ẹ̀kọ díẹ̀, ó ní.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Kò sí nǹkan kan lónìí. Mo fọṣọ, mo sùn.

Ọjọ́ Ajé, 10

Wọ́n mú iná lọ láti àárọ̀. Ooru bíi kí n bọ́ awọ ara. Ìṣirò tí Alágídí ń ṣe já lágbede méjì, mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo pe Jacques pé kó fún Bàbá ní fóònù. Ó ní ó ń sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo tún dín ojú àwọ̀n kù. Òkè náà tún ṣí, àmọ́ kò ṣí tó tàkọ́kọ́. Ó kù díẹ̀.

Ti ilé ni kò yé mi. Ìyá ní Bàbá jẹ ìrẹsì. Jacques ní kò tíì lè jẹun, omi ni wọ́n ń fà sí i lára. Tàsí ní dókítà máa dá a sílẹ̀ láìpẹ́. Mo tún pe Ìyá — ìrẹsì ti di ọbẹ̀ ẹja. Bàbá kan náà ni mo ń béèrè o.

Ọjọ́rú, 12

Mi ò fọwọ́ kan Alágídí. Mi ò pe ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo sọ fún Tàsí pé mò ń lọ sí Lomé lọ́la. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n parí iṣẹ́ tí bàbá mi ní kí n parí. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran." Mo ní, ta ló ń sunkún, Tàsí? Ó dìde lọ ro ọbẹ̀. Kò sí ìkòkò kankan lórí iná.

Mo rántí ọdún tí Ìyá Àgbà kú. Jacques ń ṣe bákì, ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama, lọ́wọ́. Wọ́n fi ikú náà pa mọ́ fún un títí ó fi ṣe é tán. Ilé wa kì í tú irú ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́ni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Rárá, Ọlọ́run má jẹ́. Kíndìnrín lásán ni. N óò parí ẹ̀ lọ́la, n óò gbé e lọ bá a.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Ó dúró. Mo dín ojú àwọ̀n kù, mo tún dín in kù, òkè náà kò mira. Gaël wò ó pẹ́. "Ó tó." Kò ní lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo pe Jacques, mò ń pariwo: mo ti parí ẹ̀, sọ fún Bàbá! Ó ní ṣé Gaël ti gbà á. Mo ní ó ti gbà á. Ó ní ṣé kò ku nǹkan kan mọ́. Mo ní kò kù. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Mo bá Bàbá Ògúnrẹ̀mí nínú ilé, ẹni tí òun àti bàbá mi jọ ń dẹ àwọ̀n ní Nangbéto. Ilé aládùúgbò wa ló ti ń sùn láti ìjẹta, ó ń dúró kí n parí. Tàsí ti tẹ́ ẹní. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ní kí n mu omi. Mi ò mu ún. Bàbá mi ti kú.

Mo pariwo mọ́ wọn, mo bú Tàsí, Ọlọ́run dárí jì mí. Ó kàn gbá mi mọ́ra. Ká ní mo mọ̀ pé ìparí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń dúró dè, ǹ bá ti fi ojú àwọ̀n yẹn sílẹ̀ kó máa fẹ̀.

Mo bi Tàsí: ọjọ́ wo? Àìkú, láàárọ̀. Mo pe Ìyá. Àìkú. Mo pe Jacques. Àìkú, láàárọ̀. Kò yí mọ́.

Mo ṣí ìwé yìí padà sí ọjọ́ Àìkú, mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà tó ń kú. Ó wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Kò sí nǹkan kan lónìí. Mo fọṣọ, mo sùn.