Nọ́ḿbà Tó Kọjú sí Ògiri

                                        Yàrá Kejìlá,
                                        Ilé Ìyẹ̀wò Rọ́bà,
                                        Òpópónà Panápaná.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Ṣé eyín àkọ́bí rẹ ti hù padà, àbí ó ṣì ń fi ọwọ́ bo ẹnu kó tó rẹ́rìn-ín? Eékún tó máa ń dùn ọ́ nígbà tí o bá tẹ bíréèkì ńkọ́? Ara tiwa le, a dúpẹ́. Ikọ́ tó ń ṣe ìyàwó mi ti lọ. Ó ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n sọ fún ọ pé abọ́ rẹ tó wà lọ́wọ́ òun kò tíì fọ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ojú táyà ọkọ̀ rẹ ti pá bí orí àgbàlagbà, pé òjò kan ṣoṣo rọ̀, ọkọ̀ sì yọ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ kòtò, tòun ti àwọn ọmọ méjèèjì àti olùkọ́ aládùúgbò rẹ tí o máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́. O ní ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ tó ń ta táyà níbí, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Ẹ̀rín-ò-tán, ti ya mẹ́rin sọ́tọ̀ fún ọ, pé owó rẹ̀ rọrùn gan-an, kí n ṣáà lọ gbà wọ́n kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. “Ṣáà lọ gbà wọ́n” yẹn ni kò wọ̀ mí létí. Ọjà tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń lé ẹni tó ni ín?

Mo lọ ní ọjọ́ Sátidé. Kí n tó jókòó, ó ti bu omi tútù fún mi, ó ti nu àga, ó sì ti pè mí ní “Dókítà wa” lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ẹni pé aláìsàn ni rọ́bà tí mò ń yẹ̀ wò níbi iṣẹ́. Àwọn táyà náà tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó. Mo fi ìwọ̀n kékeré mi wọn poro tó wà lójú wọn, wọ́n jìn bíi ti tuntun. Ẹlòmíràn ì bá sanwó kó máa lọ. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbẹ́ kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ sí ògiri. Mo ní kó bá mi yí ọ̀kan padà. Ó rẹ́rìn-ín.

“Dókítà, iwájú táyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, ṣebí ọ̀kan náà ni?”

Mo ní kó ṣáà bá mi yí i. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Mo bọ́ kóòtù mi, mo yí i fúnra mi.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mò ń wá fún ọ. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, wàá rí lẹ́tà D, O àti T. Tẹ̀ lé ìlà náà títí dé òpin, nọ́ḿbà mẹ́rin ló máa kẹ́yìn. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe táyà náà, méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún. Rọ́bà dà bíi búrẹ́dì: bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ bù ú jẹ, yóò gbẹ. Poro tó jìn kò sọ pé táyà kò tíì dàgbà. Ó kàn sọ pé kò tíì rìn ni. Bí táyà bá ti kọjá ọdún mẹ́fà, mo máa ń fura sí i. Bó bá pé mẹ́wàá, n kò ní gbé ewúrẹ́ lé e.

Ohun tó wà lára èyí tí mo yí ni 0823, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún tó kọjá. Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ mo yọ awò tí mo fi ń wo nǹkan tíntìntín. Àwọn lẹ́tà yòókù yọ síta bí iṣan ọwọ́. Mẹ́rin yìí rì sínú, ìdúró wọn kò sì dọ́gba, mẹ́ta ibẹ̀ fẹ̀yìn ti èjì bí ẹni tó rẹ̀. Ẹnì kan ti fá nọ́ḿbà àtijọ́ kúrò, ó sì fi irin gbígbóná tẹ òmíràn sí i. Mo fi àtàńpàkò ya poro kan, mo rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀.

Mo bi í pé ta ló kọ èyí. Ó ní, “Bí wọ́n ṣe kó wọn dé nìyẹn, Dókítà.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi ẹ̀rín kún ọ̀rọ̀.

N kò mọ̀ bóyá òun ló fá a, tàbí wọ́n fá a kí wọ́n tó tà á fún un, n kò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àna ẹlẹgẹ́ ni. Sọ fún ọkọ rẹ pé èmi ni mo kọ̀, kì í ṣe ìwọ. Bó bá fẹ́ bínú, èmi ni kó bínú sí.

Ní ìparí òpópónà kan náà, obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kò-Ṣeé-Ná. Kò fún mi lómi, kò fún mi ní àga, eruku sì bo àwọn táyà rẹ̀. Mo fura sí òun náà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Mo yí táyà mọ́kànlá, mo fi aṣọ tútù nu nọ́ḿbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé awò lé e.

“Bàbá,” ló wí, “ṣé ẹ fẹ́ ra táyà ni, àbí ẹ fẹ́ fi ọmọ fún un?”

Mo yan mẹ́rin. Wọn kì í ṣe èyí tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù. Orúkọ ńlá wà lára ohun tó ń mú táyà wọ́n. Ìwọ̀n wọn bá èyí tí o dà kọ ránṣẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ ọkọ̀ rẹ mu gẹ́lẹ́, 4023 ló sì wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó yọ síta dáadáa. Mo ní kó dín owó rẹ̀ kù. Ó bi mí bóyá n kò mọ orúkọ òun ni. Síbẹ̀ mo tún bi í pé báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òun náà kò ní irin gbígbóná nílé.

Ó dìde, ó lọ síbi tí mo gbé ọkọ̀ mi sí, ó lóṣòó, ó fi àtàńpàkò nu ẹ̀gbẹ́ táyà. “4714,” ló kà, láìlo awò kankan. “Bàbá, ta ló ni ọkọ̀ yìí?”

O mọ ìwé kékeré mi. Gbogbo ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù ni mo máa ń wọn poro táyà mi, tí mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti di ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dín, nítorí ilé mi kò jìnnà síbi iṣẹ́, inú mi a sì máa dùn. N kò lóṣòó ka nọ́ḿbà náà rí. Níbi iṣẹ́, gígé ni wọ́n máa ń gé rọ́bà wá bá wa, tòun ti ìwé pélébé tí wọ́n kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sí, ojú mi sì ti mọ́ ìwé pélébé yẹn lára. Ìwé tí mo fi ń yangàn gan-an ló ń ka ọdún wọn sí mi létí, n kò gbọ́. Obìnrin náà gba awò mi, ó gbé e lé poro fún mi. Gìgísẹ̀ àgbẹ̀ kan náà ni.

“Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí,” ló wí.

Ọkọ̀ yẹn ni mo fi gbé ìyá wa lọ ṣàyẹ̀wò ojú ní oṣù tó kọjá, lójú ọ̀nà márosẹ̀. N kò tíì sọ fún un. Má ṣe sọ fún un.

Bọ́ọ̀sì yóò gbé táyà rẹ dé ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. N kò mọ awakọ̀ náà dáadáa, nítorí náà mo ti fi ọ̀dà funfun sàmì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àmì náà ṣe rí ni mo yà sí ẹ̀yìn lẹ́tà yìí. Kí fọkanáísà tó fi wọ́n sí ríìmù, fi aṣọ tútù nù wọ́n, kí o ka nọ́ḿbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra rẹ. Ní kó kọ ẹ̀gbẹ́ nọ́ḿbà síta, kí o lè máa rí i. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sí ilẹ̀kùn ni kó fẹ́ sí i, kì í ṣe èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá sọ. Má sì torí pé èmi ni mo yàn wọ́n kí o má kà á. O ti rí ibi tí ojú mi mọ.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o kí olùkọ́ aládùúgbò rẹ. Sọ fún àkọ́bí pé kó rẹ́rìn-ín láìbo ẹnu, ihò eyín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Táyà tìrẹ ni mo kọ́kọ́ rà, tèmi di ìparí oṣù. Orí bíríkì ni ọkọ̀ mi wà báyìí. Bí lẹ́tà yìí bá pẹ́ kó tó dé, má bínú, ẹsẹ̀ ni mo máa fi gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń fẹsẹ̀ rìn,
                                        Onírọ́bà.