Bíbélì Tí Màmá Dì Lẹ́yìn Yín

Bàbá wa, ó pé ọdún mẹ́rin lónìí tí ẹ ti fi abẹ́rẹ́ ìdìwé sílẹ̀ lórí tábìlì, tí ẹ kò padà wá gbé e. Ọdún mẹ́rin, a kò tíì mọ bí a ṣe ń kọjá lẹ́nu yàrá iṣẹ́ yín kí a má yọjú wò ó.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Àbíkẹ́yìn yín ti di nọ́ọ̀sì. Ó ń rìn bí ẹ ṣe ń rìn, àfi bíi pé ilẹ̀ fẹ́ fọ́. Ẹ̀gbọ́n wa ti bí ọmọbìnrin kan tó máa ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé kó tó ṣí i. Ta ló kọ́ ọ? Yàrá ẹ̀yìnkùlé tí ẹ kò rí òrùlé rẹ̀ kàn, a ti kàn án.

Ṣùgbọ́n ẹ kì í fẹ́ irọ́. Kò rọrùn fún Màmá.

Lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn tó ń gbé ìwé wá fún dídì kò wá mọ́. Wọ́n ní ọwọ́ yín làwọn mọ̀. Lọ́dún kejì, ojú ọ̀tún Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Lọ́dún kẹta, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa. Láràárọ̀ ni Màmá ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yín, tó ń gbàdúrà, á sì tètè dìde bí ẹni tí wọ́n ní kò sí ẹnì kankan nílé. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún mi, pẹ̀lú ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn, “Mo mọ̀ pé Ó wà níbẹ̀. Kò kàn dá mi lóhùn ni.”

Àbúrò yín wá. Ó ní, “Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ta ẹ̀rọ ìdìwé yìí. Ìdìwé kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ojú ń dùn.”

Màmá ní, “Ta ló sọ fún ẹ pé ojú ni wọ́n fi ń dìwé? Tó bá jẹ́ ojú ni, ìwọ tí o ní méjì, wá dì í.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ṣùgbọ́n Màmá sọ fún àwa ọmọ pé bí iṣẹ́ tó bá tún wọlé bá fi lè bàjẹ́, òun á ti yàrá náà pa.

Iṣẹ́ tó wọlé ni Bíbélì ńlá orí àga ìwàásù. Alàgbà tó ń kàwé ní ìsìn, ẹni tí ẹ máa ń pè ní Gbóhùn-sókè, ló gbé e wá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ Màmá pé abala-abala, ìdì ewé kéékèèké, ni wọ́n ń rán pọ̀ di ìwé ńlá. Pé kéèyàn tó tú u, kó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà dàgẹ̀rẹ̀ kan kọjá lórí ẹ̀yìn gbogbo abala, kí èyí tó bá ṣìnà lè tú ara rẹ̀ fó. Màmá fa ìlà náà. Nígbà tó ń rán an, ojú rẹ̀ kò rí ìlà náà mọ́. Kò sì sọ fún ẹnì kankan tó fi dá Bíbélì náà padà fún ìjọ.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìjọ ti ń ka ẹkún Jóòbù. Ọjọ́ Ìsinmi yẹn ló kan ibi tí Ọlọ́run ti dá a lóhùn. Alàgbà ṣí ewé, ó bá ara rẹ̀ nínú Sáàmù. Ó ṣí i padà, ẹkún Jóòbù ló tún bá. Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo ẹnu. Màmá ti mọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

Alàgbà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. “Ẹ̀yin ará,” ó ní, “Ọlọ́run dáhùn o. Ìdáhùn ọ̀hún wà nínú ìwé yìí, torí ìwé náà kò fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò kàn sí níbi tí mo rò pé màá ti bá a ni. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n wá a.”

Gbogbo ìjọ jókòó. Ìró ewé nìkan là ń gbọ́. Ó pẹ́. Àárín ìwé Òwe ló ti bá a. Bó ṣe ń kà á, ni Màmá ń sun ẹkún tí kò rí sun lọ́jọ́ tí a sin yín.

Lẹ́yìn ìsìn, ó lọ bá Alàgbà. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn.”

“Ẹlòmíràn kẹ̀? Ẹni tó sọ ọ́ nù ló mọ ibi tó wà. Ẹ máa gbé e lọ, Ìyá.”

Màmá tú u, ó tún un rán. Àbíkẹ́yìn yín jókòó tì í, ó ń bá a wo ìlà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni.

Bàbá, ojú ọ̀tún náà kò tíì là. Ẹ̀gbọ́n wa kò tíì ríṣẹ́. Ìwé méjì péré ló wọlé lóṣù tó kọjá. Ṣùgbọ́n Màmá kò ti yàrá náà, kì í sì í tètè dìde lórí eékún mọ́. Ó ń dúró. Láàárọ̀ yìí ó dúró títí tíì tó fẹ́ mu fi tutù. Mo bi í pé kí ló ń bá Ọlọ́run sọ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní, “Mo ti tọrọ tèmi tán. Mo ní kó bá mi kí bàbá yín.”

Kí Ó fi ìkíni tiwa náà kún un. Àárò yín ń sọ wá, Bàbá. A fẹ́ràn yín síbẹ̀.