Òfin Dé, Kò Kan Ata

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Karùn-ún 2019

Láti ọdún méjì sẹ́yìn làwọn adájọ́ àgbà ti sọ ọ́: kò bá òfin-ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa mu kí obìnrin méjì tàbí ọkùnrin méjì má lè fẹ́ra wọn. Wọ́n fún àwọn aṣòfin ní ọdún méjì. Ó pé lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pe gbogbo ìlú sí ìbò, ìlú sì ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òfin ìgbéyàwó tó wà nílẹ̀. Nítorí náà, òfin ọ̀tọ̀ ni ìjọba ń kọ fún wa báyìí, bí ẹni bu oúnjẹ àlejò sí abọ́ ọ̀tọ̀. Ata ní òun ò kọ abọ́, kí oúnjẹ ṣáà ti wà níbẹ̀.

Ata ni mo ń pe Lay Peng — kò sí ohun tí kì í fi ata jẹ, títí kan ọ̀pẹ̀-òyìnbó. Ọmọ Penang ni, ní Màléṣíà, níbi tí àwọn kan ti ń sọ èdè bàbá mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí àwa obìnrin méjèèjì ti jọ ń gbé nínú ilé yìí ní Tainan. Ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́ ń kógbá sílé. Bí iṣẹ́ bá lọ, ìwé ìgbélùú rẹ̀ náà lọ nìyẹn, ní ìparí oṣù Keje. Àfi tí a bá ṣègbéyàwó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Èmi àti Ata lọ sí Cigu, sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ẹja. Bàbá mi nìyẹn, ẹja ló ń sìn. Ẹlẹ́rìí méjì ló gbọ́dọ̀ tẹ èdìdì, òǹtẹ̀ orúkọ tí a fi ń fọwọ́ sí ìwé níbí, sí ìwé ìgbéyàwó. Kok-tiong, tí a jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní lúwẹ̀ẹ́, ti gbà. Mo bẹ Bàbá pé kó jẹ́ ìkejì. Ó ń da oúnjẹ sí adágún, kò tilẹ̀ wojú mi. Ó ní ṣebí mo mọ bí òun ṣe dìbò lọ́dún tó kọjá. Mo ní mo mọ̀. Ó ní, kí ni mo wá ń béèrè sí?

Lọ́sàn-án, ẹ̀rọ tó ń da omi rú fún àwọn ẹja dákẹ́. Kí n tó bọ́ bàtà, Ata àti Bàbá ti wà nínú omi dé ìbàdí, wọ́n ń já koríko kúrò lára rẹ̀. Bàbá ń pariwo: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹja lo fẹ́ dà ni? Jáde!" Ata ní: "Ẹ kọ́kọ́ jáde ná, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù." Ó rẹ́rìn-ín! Láti ìgbà tí Màámi ti kú, mi ò rí eyín ọkùnrin yìí.

Ó fún wa ní ẹja. Kò fún wa ní èdìdì.

Ọjọ́ Ajé, 13

Òjò. Ọmọ kan bì sínú omi ìlúwẹ̀ẹ́, a lé gbogbo wọn jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Àwọn aṣòfin ti gba òfin náà wọlé!

Ata ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Taipei, olú-ìlú wa, láti àná, ó dúró nínú òjò níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láàárín èrò. Èmi wà létí omi, mò ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń mí. Kok-tiong ló rí i lórí fóònù. Ó fun fèrè, gbogbo ọmọ dúró gbagidi nínú omi. "Ìyàwó! Ó ti wọlé o! Àsè dà?" Mo ní kó dákẹ́, àwọn òbí ń wò wá. Ó tún fun ún.

Ata pè. Igbe àti òjò nìkan ni mo gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Agbẹjọ́rò wa, Yeh, pè wá. Òfin náà kò sọ ohunkóhun nípa àjèjì, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé sì ti sọ tiwọn: àjèjì tí ìlú rẹ̀ kò bá fàyè gba irú ìgbéyàwó yìí kò lè forúkọ sílẹ̀ níbí. Ọmọ Amẹ́ríkà lè ṣe é. Ọmọ Kánádà lè ṣe é. Màléṣíà ńkọ́? — mo béèrè bí ẹni tí kò mọ ìdáhùn.

Ata ń ṣan ìrẹsì. Omi rẹ̀ ti mọ́ gaara, ó ṣì ń ṣan án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Ìjà. Yeh ní ká lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n kọ̀ fún wa lórí ìwé. Láìsí ìwé yẹn, kò sí ẹjọ́ tí a lè gbé dé kọ́ọ̀tù. Ata ní: "Ká tó fẹ́ra wa rárá, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ la fẹ́ lọ gbà." Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò ní lọ dúró níwájú kámẹ́rà kí wọ́n máa ṣa òun sọ́tọ̀ bí òkúta inú ìrẹsì.

Mo pè é ní ojo. Ó ní ẹni tó bá ti torí obìnrin kan kúrò nílé bàbá rẹ̀, wọn kì í pè é lójo.

Ọjọ́rú, 22

Ààrẹ ti fọwọ́ sí òfin náà. Èmi àti Ata ò tíì bára wa sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 23

Ọ̀gá Ẹja wá sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́! Pẹ̀lú bàtà rọ́bà adágún, láàárín àwọn ọmọléèwé. Ó tú áńkáṣíìfù, èdìdì rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ní ibo ni kí òun tẹ̀ ẹ́ sí.

Mo ní, Bàbá, wọn ò ní gbà fún wa, ìjọba ti sọ ọ́. Ó ní òun ò béèrè ohun tí ìjọba sọ. Mo bi í bóyá ó ti yí ọkàn padà.

"Mi ò yí nǹkan kan padà. Ẹlẹ́rìí lo ní kí n jẹ́. Ohun tí ojú mi rí ni màá jẹ́rìí sí. Ọmọ yẹn ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ, ó sì ń tọ́jú rẹ. Ojú mi rí i."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún wo ìwé náà, ó ní òun tẹ̀ ẹ́ wọ́ díẹ̀.

Nílé, Ata wo òǹtẹ̀ pupa yẹn títí. Lẹ́yìn náà ó béèrè aṣọ tí òun máa wọ̀ lọ́la.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Òdòdó níwájú ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, àwọn oníròyìn, àwọn tọkọtaya tuntun — àwọn oníròyìn ò tíì mọ orúkọ tí wọn yóò máa pè wá, gbogbo wa ni wọ́n ń pè ní "ìyàwó". Ó kan èmi àti Ata, Bàbá tẹ̀ lé wa. Akọ̀wé náà kéré lọ́jọ́ orí. Ó gba káàdì mi, ó gba ìwé ìrìnnà Ata, ojú rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ má bínú, Àǹtí." Ó ń sọ ọ́ ṣáá.

Bàbá ò gbọ́ dáadáa. Kí ni wọ́n wí? Mo ṣàlàyé. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé:

"Ọmọ mi lè fẹ́ ará Amẹ́ríkà tí mi ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, kó má lè fẹ́ èyí tó ń sọ èdè mi?"

Kámẹ́rà yí sí wa. Akọ̀wé náà bú sẹ́kún. Ata ló tù ú nínú: "Àbúrò, má sunkún. Kì í ṣe ìwọ lo ṣòfin. Ṣáà kọ ọ́ fún wa pé ẹ ò gbà, kí o sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀."

Ó kọ ọ́. Lẹ́yìn wa, ọkùnrin méjì gba tiwọn, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwa náà pàtẹ́wọ́. Bàbá náà.

Ọjọ́ Àìkú, 26

Láàárọ̀, Ata fọwọ́ sí ìwé Agbẹjọ́rò Yeh. A ń pe ìjọba lẹ́jọ́. Ó lè gba ọdún méjì, Yeh ní, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án, Ata ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Penang, ìparí oṣù Keje. Mo wò ó lórí ẹ̀rọ. Àlọ nìkan ni. Mo bi í pé àbọ̀ ńkọ́.

Ó ní àbọ̀ wà lọ́wọ́ adájọ́.