Jummai Ti Rí Yàrá
Dádì Ìrètí,
Bí ẹ kò bá rí fóòmù lórí bẹ́ẹ̀dì wa, olè kọ́ o! Jummai wa tí àbúrò bàbá rẹ̀ lé síta ti rí yàrá ní Ṣàngó! Ìyá onílé tó ní òun kì í gba ọmọbìnrin tí kò lọ́kọ ló pè láàárọ̀ yìí pé, "Máa kó ẹrù bọ̀." A fò bí ọmọdé!
Jummai ní, "Mọ́mì, ṣé wọn ò tún ní lé mi?"
Mo ní, "Ta ló tó bẹ́ẹ̀?" Ni mo bá fún un ní fóòmù wa.
Ẹ má bínú, orí ẹní la ó sùn. Ẹ jẹun, kí ẹ wá bá wa ní yàrá Jummai. Ẹ kanlẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé o. Ilé onílé ni.
Ìbídùn