Ẹni Tí Ọkọ Mi Fẹ́ Kọ́kọ́ Rí

                                        Ilé kejì sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà,
                                        Òpópónà Káfíńtà.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ mi láti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé e dé ìta? Ìyàwó àbíkẹ́yìn rẹ ńkọ́, ṣé ó ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀? Ojú rẹ tó ń ṣomi ńkọ́? Bí kò bá tíì dá, wá ẹni tó máa ka lẹ́tà yìí fún ọ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó jẹ́ ìyàwó ilé o, nítorí ọ̀rọ̀ inú mi ló kún inú rẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ láti òkè délẹ̀. Tíṣà wa ní kò sí ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ gún tó tèmi ní kíláàsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá aláṣọ tó ń jókòó níwájú mi kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O mọ̀ pé ọmọ ọmọ mi tó ń ṣe káfíńtà ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti gbé e lé mi lọ́wọ́. Adájọ́ ti rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ọ̀túnla ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà kí ènìyàn lọ wò ó, ẹnì kan ṣoṣo. Abẹ́rẹ́, ó ránṣẹ́ pé kì í ṣe èmi ni òun fẹ́ rí. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú ni.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí mo mọ̀ pé ìsọkúsọ ló máa dé etí yín lọ́hùn-ún. Ẹ̀yìn ló ń dun ọkọ mi láti ìgbà tí pákó ti já lù ú lẹ́nu iṣẹ́. Ó ra hóró oògùn lọ́wọ́ ẹnì kan lójú títì, oògùn tí kò ní páálí, tí kò lórúkọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kun ilé wá bá a ní yàrá, ó ní gbogbo ara ń ro òun náà. Ọkọ mi pín oògùn náà sí ọ̀nà méjì, ó fún un ní tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti mu ọtí kó tó dé. Kò pẹ́ tó fi sùn lọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun bí ayùn tó há sínú pákó, tí èémí rẹ̀ ń dúró, tó tún ń lọ. Ọkọ mi rò pé oorun gidi ló gbé e. Ó fi aṣọ bò ó, ó sì jáde lọ jẹun. Nígbà tó padà dé, ẹni tó fi aṣọ bò ti tutù.

Mo ní kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ mi níbẹ̀? Kò tà á, ó fi tọrẹ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ láti kékeré pé kò gbọ́dọ̀ dá nǹkan jẹ. O rántí bó ṣe máa ń bu bisikíìtì rẹ̀ fún ọ? Àfi ìgbà tí lọ́yà jókòó síwájú mi tó ní, "Màmá, òfin ò béèrè bóyá ó gbowó. Ẹni tó fi irú oògùn yẹn lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ti ṣẹ̀, kó tà á o, kó fi tọrẹ o." Ó ní ohun tó kù ni pé kò sẹ́ni tó rí wọn, kí ọkọ mi panu mọ́, kí ìjọba wá ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni kó ṣe.

Ibẹ̀ ni orogún mi ti wọlé. Onídìrí ni ìyá ọmọ tó kú. Lẹ́yìn tí a gba béèlì ọkọ mi, ó lọ bẹ̀ ẹ́, kò ṣílẹ̀kùn. Ó tún lọ, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó yá, obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó ní kó sọ fún òun bí ọmọ òun ṣe kú. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti ṣíwọ́, ibẹ̀ ló ń lọ. Wọ́n ní ó ń gbá irun nílẹ̀ fún un, ó ń fọ abọ́. Abẹ́rẹ́, ọmọ tí kò fọ ṣíbí kan rí nílé mi! Tó bá délé, á ní òun ti jẹun. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ojú ti ènìyàn láti jowú ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Síbẹ̀, mo jowú rẹ̀ bí ìyáálé tí wọ́n gbé ìyàwó tuntun wọlé bá. N kò tiẹ̀ lọ kí i kú ọ̀fọ̀.

Ní kóòtù, ọkọ mi dìde, kò wo lọ́yà, kò wò mí. Onídìrí ló ń wò. Ó ní, "Èmi ni mo fi lé e lọ́wọ́. Mo gbọ́ tó ń hanrun, mo sì fi í sílẹ̀." Lọ́yà fọwọ́ bojú. Adájọ́ ní òtítọ́ tó sọ ló jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n náà kéré, ṣùgbọ́n ẹni tó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ kò lè sọ pé ọwọ́ òun mọ́. Bí wọ́n ṣe ń mú un lọ, mo kígbe, "Ọkọ mi!" Ó bojú wẹ̀yìn. Títí di ìsinsìnyí, n kò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ló wò.

Lánàá ni onídìrí wá bá mi nílé. Ó kúnlẹ̀, n kò sì tètè ní kó dìde.

Ó ní, "Màmá, mo gbọ́ pé èmi ló ní kí n wá. Tẹ́ ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ."

Mo ní, "Kí lo fún un jẹ tó fi gbàgbé mi?"

Kò gbaná jẹ. Ó ní, "Ó fẹ́ kí n bínú sí òun ni, Mà. Gbogbo ìgbà tó bá wá ló ń bẹ̀ mí. Ẹ̀yin ń gbèjà ẹ̀, lọ́yà ń gbèjà ẹ̀. Èmi náà kàn ń wò ó tó ń gbálẹ̀ ni, ẹnu mi ò gbà á. Ó jọ pé mo lè bínú sí i báyìí."

Òótọ́ ni, n kò bá ọmọ yẹn wí lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti lanu pé òun ló pa ọ̀rẹ́ òun, màá ní kó dákẹ́ kí ará ilé má baà gbọ́. Ó wá gbé ẹnu náà lọ síbi tí wọ́n ti máa jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Mo ní kó dìde, kó jókòó. Mo wá kí i kú ọ̀fọ̀. Lẹ́yìn náà mo wọ yàrá, mo kó ọṣẹ, ìpara àti ṣòkòtò tí mo ti rán dè é, mo kó wọn lé e lọ́wọ́. Mo ní kó lọ. Mo ní kó bínú sí i dáadáa, kó sì bá mi wò ó bóyá ó ń jẹun.

Má yìn mí o. Inú mi kò tíì rọ̀. Ọ̀túnla, ẹnu ọ̀nà ni màá jókòó sí láti àárọ̀, tí màá máa retí kí obìnrin mìíràn wá ròyìn ọkọ mi fún mi. Bí o bá rí ọkọ̀ wọ̀, wá bá mi jókòó.

Bá mi kí baálé rẹ àti gbogbo ilé. Sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá ń hanrun bẹ́ẹ̀, kí wọ́n jí i. Bí kò bá jí, kí wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

                                        Èmi ni, ẹni rẹ tó ń wọ̀nà fún ọ,
                                        Ìyá Àgbà Aránṣọ.