Ìwé Tí Bàbá Olóṣùwọ̀n Kò Fọwọ́ Sí

Inú ilé oníyàrá méjì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ni wọ́n ti bí Bàbá wa, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 1941. Iṣẹ́ bàbá tó bí wọn lọ́mọ ni kí wọ́n máa ti géètì bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, kí wọ́n sì ṣí i bí ó bá kọjá tán. Aránṣọ ni ìyá tó bí wọn. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń kọjá, ìyá àgbà á dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, nítorí gbogbo ilé ló máa ń mì, abẹ́rẹ́ á sì gba ibi tí kò yẹ. Ọmọ méje ni wọ́n bí, Bàbá ni ìkarùn-ún. Nínú àwọn méjèèje, Bàbá nìkan ló ṣẹ́kù títí di oṣù tó kọjá.

Kí ẹ tó ka ìtàn yìí jìnnà, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ kedere. A mọ̀ pé orúkọ méjì ni àdúgbò ń pe Bàbá wa. Àwọn oníbàárà ń pè wọ́n ní Bàbá Olóṣùwọ̀n. Àwọn tó ń bínú sí wọn ń pè wọ́n ní Kò-Fọwọ́sí. Ó ti tó ogójì ọdún tí wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ kejì yìí, wọn kò sì jẹ̀bi rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìsìnkú yìí fi gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi àkọ́bí wọn obìnrin ni mo gbé kálàmù. Àbúrò mi ọkùnrin bẹ̀ mí pé kí n yọ ibì kan kúrò nínú rẹ̀. Mo ní kí ó lọ sinmi, kì í ṣe òun ló parọ́.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní ọdún 1948. Ní ọdún 1953, olùkọ́ wọn kan dá Ẹgbẹ́ Síkáòtù sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì gba gbogbo ọkàn Bàbá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń dáná lójú òjò, bí a ṣe ń di egbò, àti oríṣi kókó méjìlá tí a lè ta sára okùn. Títí wọ́n fi dàgbà, kò sí ẹni tó lè tú àpò ìrẹsì tí Bàbá bá so. Ìyá wa á kàn fi ọ̀bẹ gé e, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà.

Oyè kan wà tó ga ju gbogbo oyè Síkáòtù lọ. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ parí gbogbo ìdánwò rẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún: ìtọ́jú ẹni tó fara pa, odò wíwẹ̀, iṣẹ́ ìlú, àti ìrìn ogójì kìlómítà tí yóò dá fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn èyí ni olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, láti jẹ́rìí pé òótọ́ ni ó ṣe é. Láìsí ìfọwọ́sí yẹn, kò sí oyè. Ó ku ìdánwò méjì péré kí Bàbá gbà á, ni bàbá wọn bá kú ní ọdún 1956. Wọ́n fi ilé ìwé sílẹ̀, wọ́n fi Síkáòtù sílẹ̀, wọ́n sì lọ kọ́ṣẹ́.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún òṣùwọ̀n ṣe ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá wọn ní ọdún 1962, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn: tábìlì gígùn kan, fèrèsé kan tó kọjú sí títì, àti àpótí pákó tí wọ́n tẹ́ aṣọ onírun sí, tí wọ́n ń kó àwọn ìwọ̀n idẹ sí ní títò, láti orí èyí tó tóbi bí ìkúùkù dé orí èyí tó kéré bí èékánná. Òṣùwọ̀n àwọn apòògùn àti ti alágbẹ̀dẹ wúrà ni wọ́n fẹ́ràn jù. Bí àwa ọmọ bá sún mọ́ ọn, wọ́n á kígbe pé, “Ẹ lọ mí síta! Èémí yín ti wúwo jù!”

Ní ọdún 1963, obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì gbé òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun wá, ó ní ó ń parọ́. Bàbá tú u palẹ̀, wọ́n tún un tò, wọ́n ní òṣùwọ̀n kò parọ́ o, ọwọ́ ẹni tó ń wọn ìyẹ̀fun ló wúwo. Inú obìnrin náà ru. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì láti wá bá Bàbá jiyàn, ó tún wá lọ́jọ́ kẹta. Ní ọdún 1964 wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ìyá wa nìyẹn. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ.

Nínú ìjọ, Bàbá kò gba oyè kankan. Aago ilé ìjọsìn ni wọ́n ń tún ṣe, wọ́n sì ń jókòó sẹ́yìn. Àdúrà wọn kì í gùn. “Olúwa mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀,” ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì ṣe àmín.

Ní ọdún 1970, wọ́n padà sí Síkáòtù gẹ́gẹ́ bí olórí ẹgbẹ́, nínú gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìwé. Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n fi ṣe é láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án ló gba oyè tó ga jù lọ lábẹ́ ọwọ́ wọn. Ọmọ káfíńtà tí a ń pè ní Gọ̀gọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ gbà á, ní ọdún 1975. Ẹ̀rù omi ń ba Gọ̀gọ̀rọ̀ débi pé bí òjò bá ṣú, á ti wọlé. Bàbá bá a dúró nínú odò ní gbogbo Sátidé fún oṣù mẹ́rin, omi mu wọ́n dé àyà, wọ́n ń sọ pé, “Mo dì ọ́ mú. Mi ò tíì jù ọ́ sílẹ̀. Ó yá, na ẹsẹ̀.” Gọ̀gọ̀rọ̀ ti di bàbá àgbà báyìí, ó sì wà lára àwọn tí yóò gbé pósí lónìí.

Ní ọdún 1984, ó kàn mí. Kò tíì sí ọmọbìnrin kankan tó gba oyè náà ní agbègbè wa. Mo ti yege nínú gbogbo ìdánwò, ìrìn ogójì kìlómítà ló kù. Ìyá wa kò lè mú un mọ́ra. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ẹni tó wá ra búrẹ́dì, wọ́n sì ti ní kí káfíńtà kan ìṣó mọ́ ògiri pálọ̀, níbi tí wọ́n máa gbé ìwé-ẹ̀rí mi kọ́. Mo jáde nílé ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kìíní, mo padà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ìyá wa dì mọ́ mi, wọ́n ń sunkún ayọ̀. Bàbá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹsẹ̀ mi fúnra wọn. Oṣù méjì ló kù kí n pé ọmọ ọdún méjìdínlógún.

Ohun tí gbogbo ayé rí lẹ́yìn ìyẹn ni pé Bàbá kò fọwọ́ sí ìwé mi. Ìyá wa bẹ̀, wọ́n bínú, wọ́n gbé oúnjẹ Bàbá sílẹ̀ láì bá wọn sọ̀rọ̀. “Ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn! Ẹ fọwọ́ sí i fún ọmọ Káfíńtà, ẹ ò lè fọwọ́ sí i fún ọmọ yín!” Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pe Bàbá. Ohun kan náà ni Bàbá ń sọ fún gbogbo èèyàn: “Ó kù díẹ̀.” Kí ló kù? Wọn kò sọ. Ọjọ́ ìbí mi kọjá. Òbí mẹ́ta mú ọmọ wọn kúrò nínú ẹgbẹ́, wọ́n ní ẹni tí kò ṣàánú ọmọ bíbí inú rẹ̀, kí ni yóò ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ? Ẹnu kò sìn lára Bàbá láti ìgbà náà, ibẹ̀ sì ni orúkọ Kò-Fọwọ́sí ti ṣẹ̀.

Ohun tí ẹ kò rí ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, bàtà ti bó mi ní gìgísẹ̀. Nígbà tí mo dé orí afárá, awakọ̀ kan tó ń kó àgbàdo lọ sí ilé ọlọ dúró tì mí. Ó ní, “Ọmọ dáadáa, o ń tiro. Gòkè wá.” Mo gòkè. Ó gbé mi dé ilé ọlọ, kìlómítà mẹ́sàn-án gbáko. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, awakọ̀ yẹn kan náà gbé òṣùwọ̀n ilé ọlọ wá fún àtúnṣe. Mo rí ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ wọn. Kò ní ibi lọ́kàn, ó kàn kí Bàbá kú oríire ọmọ ni, ó ní òun bá wọn gbé ọmọ wọn díẹ̀. Nígbà tó lọ tán, Bàbá pè mí. Wọ́n ń fi aṣọ nu ọwọ́. Wọ́n ní, “Ṣé gbogbo ìrìn náà lo fẹsẹ̀ rìn?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Wọ́n tún bi mí lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní àyè ṣì wà láti tún un rìn, pé àwọn á wọ bàtà, àwọn á máa tẹ̀ lé mi lókèèrè. Mo ní mo ti rìn ín. Mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Ẹnu ìyá mi tó ti kún àdúgbò ni mo ń rò, ìgbéraga sì dì mí lẹ́nu.

Mo wá bínú sí wọn! Ẹ wo nǹkan. Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mi ò kọ lẹ́tà sí Bàbá fún ọdún méje. Bí àwọn èèyàn bá ń káàánú mi pé bàbá mi dí mi lọ́nà, mo máa ń mi orí. Bàbá kò sọ ọ́ fún ẹnì kan, wọn kò sọ ọ́ fún ìyá wa. Ní ọdún 2014, ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá wa máa fi ayé sílẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n dákun, kí n dárí ji bàbá mi. Mo ní mo ti dárí jì wọ́n. Èmi o! Èmi ni mo ń dárí ji Bàbá. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn létí wọn ni ìyá wa lọ.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi le lẹ́sẹ̀, ó lọ fún ọdún mọ́kàndínlógójì. Ní ọdún 2023, ẹsẹ̀ Bàbá kò gbé wọn mọ́. Mo ń gé èékánná wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì jáde lẹ́nu mi.

“Bàbá, mo wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn o.”

“Ọjọ́ wo?” Wọ́n mọ̀ dáadáa.

“Ọjọ́ ìrìn. Láti orí afárá dé ilé ọlọ.”

“Kìlómítà mẹ́sàn-án,” ni wọ́n wí. “Ó péye.” Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ṣé kí o bá mi wá bàtà mi, ká lọ tún un rìn?”

Mo sunkún bí ọmọdé. Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fáyé gbọ́. Wọ́n ní, “Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọ́ nígbà yẹn. Bí mo bá sọ ọ́, irọ́ kan yẹn ni wọn á fi máa mọ̀ ọ́ títí tó o fi máa lọ́kọ. Èmi ńkọ́? Orúkọ kì í pa àgbàlagbà.” Mo ní, “Ìyá mi ńkọ́?” Wọ́n ní, “Ìyẹn nìkan ló dùn mí.”

Bàbá fi ayé sílẹ̀ lójú oorun ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta oṣù tó kọjá, ọdún 2024, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: èmi nọ́ọ̀sì, àbúrò mi ọkùnrin tó ń wakọ̀, àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ olùkọ́, àti àbíkẹ́yìn wa tó jókòó sídìí tábìlì òṣùwọ̀n báyìí. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mẹ́tàlá sílẹ̀ àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan. Wọ́n tún fi ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án tó gba oyè Síkáòtù tó ga jù lọ sílẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ kọ ọ́ ní mẹ́wàá, kó fi tèmi kún un. Mẹ́sàn-án ni.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ̀yin òbí tí ẹ mú ọmọ yín kúrò, ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ káàánú mi, mo dọ̀bálẹ̀ lórí ìwé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí, kíkúnlẹ̀ kò tó. Bàbá wa kò dí ọmọ kankan lọ́nà.

Bàbá mi, ilẹ̀ á rọ̀ yín lọ́rùn. Ìyá wa ti ṣáájú yín ní ọdún mẹ́wàá, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì máa bínú. Bí ẹ bá rí wọn, tí wọ́n bá yí ojú sẹ́yìn, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sọ pé ó kù díẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni. Ẹ má bò mí mọ́, Bàbá. Ẹ sùn re o.